Ìtàn Àsọtẹ́lẹ̀ Ìdẹnukọlẹ̀ Ọrọ̀ Ajé ní Nàìjíríà

Bí ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè bá sún kì fún oṣù mẹ́ta, tí oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e náà tún sún kì, àwọn onímọ̀ sábà máa ń sọ pé ó ti dẹnukọlẹ̀. Mímọ̀ ọ́n ṣáájú niṣẹ́. Ẹni tó ń kó tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì wọ Ọjà Àlàbá ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, kò lè ṣàì sọ àsọtẹ́lẹ̀: kí kọ̀ǹténà rẹ̀ tó kúrò ní Ṣáínà ló ti ní láti ro bóyá owó yóò wà níta nígbà tí ẹrù bá dé, àti iye tí wọn yóò máa ṣẹ́ dọ́là. Àwọn onímọ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún odindi orílẹ̀-èdè, àmọ́ ọjà sábà máa ń tú tán kí wọ́n tó dé.

Ìṣirò ló ṣáájú

Ohun tí a kò bá kà, a kò lè mọ̀ bóyá ó dín. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé A. R. Prest àti I. G. Stewart ṣírò owó tó ń wọlé fún Nàìjíríà ní ọdún 1950 sí 1951, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1953. Onímọ̀ mìíràn, Pius Okigbo, ṣe ti 1950 sí 1957; ìwé rẹ̀ jáde ní 1962. Lónìí, NBS, àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè, ló ń kà á.

Síbẹ̀, káàkiri ayé ni àsọtẹ́lẹ̀ ti ń pẹ́. Prakash Loungani, tó jẹ́ onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní IMF, Àjọ Owó Àgbáyé, nígbà náà, yẹ ti ẹ̀wádún 1990 wò: nínú ìdẹnukọlẹ̀ 60, méjì péré ni àwọn onímọ̀ rí ní ọdún kan ṣáájú.

Ọdún 2016

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2015, IMF ní ọrọ̀ ajé Nàìjíríà yóò fi ìdá 4.3 nínú ọgọ́rùn-ún dàgbà ní 2016. Ní oṣù kìíní, ó di 4.1, ní oṣù kẹrin, 2.3. Oṣù keje ni wọ́n tó sọ pé yóò fi 1.8 sún kì, bẹ́ẹ̀ NBS ti kéde láti oṣù karùn-ún pé oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ fi 0.36 sún kì. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, NBS kéde ìsúnkì 2.06 fún oṣù mẹ́ta kejì. Ọdún náà parí sí ìsúnkì bíi 1.5, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ọdún 25 sẹ́yìn.

Ohun tó fà á kò fara pamọ́. Owó epo rọ̀bì já bọ́ sí ìsàlẹ̀ 30 dọ́là lórí agbá kan. Àwọn ajàjàgbara tó ń jẹ́ Niger Delta Avengers ń fọ́ ọ̀pá epo. Báńkì Àpapọ̀ di náírà mú ní nǹkan bí 197 sí dọ́là kan títí di ọjọ́ 20 oṣù kẹfà, nígbà tó ti kọjá 300 lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó níta. Iye tí ọlọ́jà bá ra dọ́là níta ló ń gbé lé orí fíríìjì.

Ẹ bi ẹni tó ń rajà

Ìwọ̀n PMI ló súnmọ́ ọgbọ́n ọjà jù. Lóṣooṣù, wọ́n máa ń bi àwọn tó ń ra ohun èlò fún ilé-iṣẹ́ bóyá iṣẹ́ pọ̀ sí i tàbí ó dín. Tó bá lé ní 50, nǹkan ń gbòòrò. Tí kò bá tó 50, ó ń sún kì. PMI tí Báńkì Àpapọ̀ ń ṣe lórí àwọn ilé-iṣẹ́ bọ́ sísàlẹ̀ 50 ní oṣù kìíní ọdún 2016, kò sì gòkè padà títí di oṣù kejìlá. Oṣù kìíní kan náà ni IMF ṣì ń retí 4.1. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn kan náà, iṣẹ́ àgbẹ̀ fi bíi ìdá 4 dàgbà. Ẹni tó bá dúró sí Àlàbá nìkan kò ní rí oko.

Ọdún 2020

Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, tí ìjọba sì ti Èkó pa láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta, ta ni kò mọ̀ pé ìsúnkì ń bọ̀? Bó ṣe máa pọ̀ tó ni wọn kò mọ̀. IMF sọ ìsúnkì 3.4 ní oṣù kẹrin, 5.4 ní oṣù kẹfà, 4.3 ní oṣù kẹwàá. Oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà fi 6.10 sún kì lóòótọ́, àmọ́ oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn fi 0.11 dàgbà, NBS sì kéde nígbà náà pé gbogbo ọdún dúró lórí ìsúnkì 1.92.

IMF máa ń tún àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ kọ bí ọdún ṣe ń lọ. Kọ̀ǹténà tó ti wọ ọkọ̀ ojú omi kò ṣeé tún kọ. Bí oníṣòwò Àlàbá bá ṣì í rò, inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni àṣìṣe náà yóò jókòó sí.