Mike Odùmósù

Mike Gbénga Odùmósù jẹ́ olórin ọmọ Nàìjíríà tó ń ta gìtá béèsì. Ní Èkó, lọ́dún 1972, òun, Berkley Jones tó ń ta gìtá àti Laolu Akintobi onílù dá ẹgbẹ́ BLO sílẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló di orúkọ ẹgbẹ́ náà. Wọ́n po rọ́ọ̀kì irú ti Jimi Hendrix àti ẹgbẹ́ Cream mọ́ ìlù ilẹ̀ Áfíríkà. Béèsì Odùmósù ló so gìtá pọ̀ mọ́ ìlù. Àwo-orin wọn àkọ́kọ́, Chapter One, jáde ní 1973. BLO wà lára àwọn ẹgbẹ́ tó sọ rọ́ọ̀kì di mímọ̀ ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà, Odùmósù darapọ̀ mọ́ Osibisa, ẹgbẹ́ tí Teddy Osei, ọmọ Gánà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1969.