Owó kírípítò: Báwo ni wọ́n ṣe ń kó èrò jọ, báwo lẹ sì ṣe lè dá ojúlówó àwùjọ mọ̀ yàtọ̀ sí sogúndogójì?

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, àwọn ènìyàn tí inú ń bí ya wọ ọ́fíìsì CBEX ní Òkè Àdó nílùú Ìbàdàn, wọ́n sì kó ohun èlò inú rẹ̀ lọ. CBEX ti ṣèlérí pé owó tí ènìyàn bá fi síbẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ 30. Nígbà tó yá, owó náà kò ṣeé gbà mọ́. Wọ́n tún ní kí àwọn oníbàárà san 100 tàbí 200 dọ́là sí i, kí wọ́n lè fi ṣe àyẹ̀wò àkáǹtì wọn.

Àwọn tó ti wà níbẹ̀ ló ń pe ọ̀rẹ́ àti mọ̀lẹ́bí wọlé, nítorí pé èrè wà fún ẹni tó bá mú ènìyàn wá. Ọ̀nà yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ blockchain tí kì í ṣe jìbìtì ń gbà tan kálẹ̀. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà fún ẹni tó fẹ́ mọ èwo ni òtítọ́.

Kí ló dé tí iṣẹ́ blockchain fi nílò èrò?

Blockchain jẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ orí ayélujára tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú, tí ó sì ṣòro gidigidi fún ẹnìkan láti dá yí padà. Bitcoin, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kínní ọdún 2009, kò ní ilé iṣẹ́ tó ń polówó rẹ̀. Àwọn tó ń lò ó ló gbé òkìkí rẹ̀ káàkiri.

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ṣùgbọ́n ọjà yìí yàtọ̀. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá ra ọṣẹ, ọṣẹ náà yóò fọ aṣọ. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá ní token, kò wúlò fún un, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èrò jẹ́ ara ọjà náà fúnra rẹ̀.

Àwọn ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà?

Èkíní ni airdrop, èyí tí í ṣe pípín token lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ kékeré kan. Eré Notcoin lórí Telegram, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń fi ìka tẹ ojú fóònù, pín token tirẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Nígbà tí Hamster Kombat pín tirẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ọ̀pọ̀ tó ti fi oṣù púpọ̀ tẹ fóònù ráhùn pé ohun tó kàn wọ́n kéré.

Èkejì ni líǹkì tí olúkúlùkù fi ń pe ẹlòmíràn. Ẹ̀kẹta ni sísanwó fún àwọn gbajúmọ̀ orí ayélujára. Ẹ̀kẹrin ni àwọn aṣojú tó ń dáhùn ìbéèrè lórí Telegram àti Discord, tí àwọn mìíràn nínú wọn ń gba token bí owó iṣẹ́.

Ṣé bí èrò bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ̀rí?

Rárá. Báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, gbé eNaira jáde ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹwàá ọdún 2021. Ìjọba wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbágbá. Síbẹ̀, ìwádìí kan tí àjọ IMF gbé jáde ní 2023 fi hàn pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìdá 98.5 nínú ọgọ́rùn-ún àpò eNaira ni ẹnikẹ́ni kì í lò. Òfin gbè é lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò ní èrò. CBEX ní èrò, kò sì ní ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ SEC, àjọ tó ń mójútó ìdókòwò.

Níbo ni a ti lè rí ojúlówó àwùjọ?

Láti ọdún 2019 ni Web3Bridge ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nílùú Èkó bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún blockchain. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, àpérò Africa Bitcoin Conference wáyé ní Accra, tí Farida Nabourema, ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọ Togo, wà lára àwọn tó ṣètò rẹ̀. Bí iye token tilẹ̀ já wálẹ̀ lọ́la, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ kò ní pàdánù ìmọ̀ rẹ̀.

Àwọn ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi wọ́n

Níbo ni èrè ti ń wá? Bó bá jẹ́ owó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, sogúndogójì ni.

Ta ni token tó pọ̀ jù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà wo ló sì lè tà á?

Ṣé wọ́n máa ń lé ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ líle kúrò nínú ẹgbẹ́?

Ṣé gbajúmọ̀ tó ń polówó rẹ̀ sọ pé wọ́n sanwó fún òun?

Ṣé wọ́n ní kí ẹ san owó kí ẹ tó gba owó yín, tàbí kí ẹ sọ ọ̀rọ̀ aṣínà àpò owó yín? Ẹ má ṣe é.

Ibo ni òfin dé?

Òfin ìdókòwò tuntun tí Ààrẹ Nàìjíríà buwọ́ lù ní 2025 fi dúkìá orí ayélujára sábẹ́ àṣẹ SEC, ó sì fi ẹ̀wọ̀n àti owó ìtanràn lélẹ̀ fún ẹni tó bá dá sogúndogójì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin Nàìjíríà kọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ lé ní Kútọnu, ní Lomé, tàbí ní àdúgbò Kirkissoye nílùú Niamey, níbi tí wọ́n ti ń ná owó CFA báńkì BCEAO. Líǹkì Telegram kò mọ ẹnubodè. Ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò ní Niamey lè gba líǹkì láti Ìbàdàn láàárín ìṣẹ́jú kan, kó má sì mọ ọ́fíìsì tí yóò gbé ẹjọ́ lọ bí owó bá wọmi.

Alájọ ọjà ní ìsọ̀ tí a mọ̀, a sì mọ ilé rẹ̀. Nínú àwùjọ orí ayélujára, ẹni tó fi líǹkì ránṣẹ́ sí yín ni ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ mọ̀. Bí ẹ bá sì tún fi ránṣẹ́ sí ìyá, àbúrò tàbí àna yín, ẹ̀yin ni wọn yóò wá bá lọ́jọ́ tí owó náà kò bá ṣeé gbà mọ́. Ẹ rí i dájú pé ẹ lè dáhùn àwọn ìbéèrè òkè yìí kí ẹ tó fi ránṣẹ́.