MER/29: Oògùn Tó Dín Ọ̀rá Ẹ̀jẹ̀ Kù, Tó Sì Mú Ojú Ṣú

Kí àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní statin tó dé, oògùn kan ti gbòde ní Amẹ́ríkà. MER/29 ni orúkọ rẹ̀, ilé iṣẹ́ William S. Merrell ní ìlú Cincinnati ló ń ṣe é. Ní ọdún 1960 ni FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, fọwọ́ sí i. Ìlérí rẹ̀ ni pé yóò dín kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ kù. Àwọn tó lò ó tó nǹkan bíi 400,000.

Lóòótọ́ ni kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ń lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n irun àwọn aláìsàn kan bẹ̀rẹ̀ sí í re, awọ ara wọn gbẹ bí ìpẹ́ ẹja, dígí inú ẹyinjú àwọn mìíràn sì funfun, ìríran wọn di bàìbàì. Ìpele tó kẹ́yìn nínú bí ara ṣe ń ṣe kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ni oògùn náà dí. Desmosterol, tó yẹ kó di kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, wá ń gbá jọ sínú ara, bí ìgbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ọjà tí èrò kún ẹnu ọ̀nà.

Ilé iṣẹ́ náà ti rí àmì ewu lára ẹranko. Òṣìṣẹ́bìnrin kan ní yàrá àyẹ̀wò wọn ni ọ̀gá ní kí ó yí àkọsílẹ̀ nípa ọ̀bọ kan tí ara rẹ̀ kò yá padà. Ọ̀rọ̀ náà bí i nínú, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1959. Ó di ìbẹ̀rẹ̀ 1962 kí ọkọ rẹ̀ tó sọ ọ́ nínú mọ́tò tí òun àti àwọn kan jọ ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, àfi bí ẹni pé Ọlọ́run ló gbé e síbẹ̀, jẹ́ olùyẹ̀wò FDA! Ní oṣù kẹrin ọdún náà, àwọn olùyẹ̀wò wọ ilé iṣẹ́ náà, wọ́n rí i pé ìwé inú ilé àti èyí tí wọ́n kó fún ìjọba kò bára mu. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, oògùn kúrò lọ́jà.

Ní 1964, ilé iṣẹ́ náà kò jiyàn ẹ̀sùn, ó san owó ìtanràn $80,000. Adájọ́ fi àwọn onímọ̀ mẹ́ta sábẹ́ ìṣọ́ oṣù mẹ́fà. Ẹnikẹ́ni kò ṣẹ̀wọ̀n. Ìyà ọ̀hún kéré jọjọ fún ojú ọmọ ènìyàn.

Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí lovastatin, statin àkọ́kọ́, ní 1987, ìpele tó ṣáájú dáadáa ni òun ń dí. Síbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kí dókítà máa yẹ ojú ẹni tó ń lò ó wò.