Ọ̀fà Láàárín Omi Méjì: Ọ̀yún, Ọ̀tìn àti Ohun Tí Àlejò Ní Láti Mọ̀

Ọ̀fà jẹ́ ìlú Yorùbá ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ní ìhà gúúsù Ìlọrin. Ọlọ́fà ni oyè ọba ibẹ̀. Ìtàn ìlú náà sọ pé Ọlálọ́mí Ọlọ́fà-gangan, ọmọ ọba láti Ọ̀yọ́, ìran Ọ̀ràńmíyàn, ni ó tẹ ìlú náà dó. Ọdẹ ni, ọfà sì ni ohun ìjà rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni orúkọ ìlú ti wá. Ọ̀fà kan náà ni ọ̀pọ̀ ìtàn pè ní ìlú Mọ́remí, obìnrin tí ó gba Ilé-Ifẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì fi ọmọ rẹ̀ san ẹ̀jẹ́ fún odò Ẹ̀sìnmìrìn.

Àlejò tí ó ń wá ìtàn òrìṣà ni mo jẹ́ nígbà tí mo lọ sí Ọ̀fà. Ohun tí mo rí ni pé ẹni tí ó bá wo ìlú yìí láàárín ìgboro nìkan, tí kò wo omi tí ó wà ní ìhà méjèèjì rẹ̀, kò tíì mọ Ọ̀fà. Nítorí náà ni mo ṣe to ọ̀rọ̀ yìí tẹ̀ lé omi.

Odò Ọ̀yún

Ọ̀yún ni omi tí ó sún mọ́ Ọ̀fà jù. Wọ́n ti sé e níbẹ̀, ó di adágún ńlá tí àwọn ará ìlú ń mu omi rẹ̀, tí àwọn apẹja sì ń dẹ àwọ̀n sí. Orúkọ odò yìí ni wọ́n fi pe Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀yún, tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìlemọnà, tí Ẹ̀rìn-Ilé, aládùúgbò Ọ̀fà, sì wà nínú rẹ̀.

Ìhà àríwá ni Ọ̀yún ń ṣàn sí. Ó ń gba ẹ̀gbẹ́ Ìlọrin kọjá, omi rẹ̀ a sì dé Odò Ọya níkẹyìn. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé Ọya ni ìyàwó Ṣàngó, àti pé Ọ̀yọ́ ni Ọlálọ́mí ti wá, yóò rí i pé ọ̀nà omi yìí àti ọ̀nà ìtàn ìlú dojú kọ ibì kan náà.

Odò Ọ̀tìn

Ìhà kejì ni Ọ̀tìn wà. Kò gba inú ìgboro Ọ̀fà kọjá, ó sì yẹ kí àlejò mọ èyí kí ó má baà máa béèrè ojúbọ Ọ̀tìn níbi tí kò sí. Ìnísà àti Òkukù, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ni kí ó lọ. Níbẹ̀ ni a ti mọ Ọ̀tìn ní òrìṣà, tí wọ́n ń ṣe ọdún rẹ̀. Ìjọba Ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, tí Òkukù jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Ìtàn Ọ̀tìn ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀kan sọ pé ọmọ Ọ̀tan ni, pé ó wá sí Ìnísà láti bá wọn jagun nígbà tí ọ̀tá ń yọ wọ́n lẹ́nu, ibẹ̀ ni ó sì ti di ẹni tí wọ́n ń bọ. Èkejì sọ pé ọmọ ọba ni, pé ọmú mẹ́rin ni ó ní, pé nígbà tí àṣírí rẹ̀ tú, ó sá lọ, ó sì di odò. Ìtàn kan fi í hàn bí jagunjagun, èkejì fi í hàn bí ẹni tí ìtìjú lé kúrò nílé. Ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ni tirẹ̀. Kí àlejò kọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún un, kí ó sì kọ ibi tí ó ti gbọ́ ọ.

Ọ̀tìn ń ṣàn lọ bá Erinlẹ̀, òrìṣà ọdẹ àti omi tí Ìlobùú mọ̀ dáadáa. Àwọn kan ń pe Ọ̀tìn ní ìyàwó Erinlẹ̀. Erinlẹ̀ ń wọ inú Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun sì ń lọ sí ọ̀sà ní ìhà Èkó. Báyìí ni Ọ̀fà ṣe wà láàárín omi tí ó ń lọ bá Ọya àti omi tí ó ń lọ bá Ọ̀ṣun.

Ogun Jálumi

Láti Òṣogbo ni mo gbà lọ, nípa Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù. Ọ̀nà yìí kì í ṣe ọ̀nà lásán. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, ogun Ìbàdàn, tí Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ṣáájú, kọlu ogun Ìlọrin àti àwọn ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n dó ti Ìkìrun. Ogun Ìlọrin fọ́, wọ́n sì kọrí sí ilé. Odò Ọ̀tìn ni wọ́n bá lọ́nà. Ìtàn tí Samuel Johnson kọ sínú The History of the Yorubas, ìwé tí ó jáde ní 1921, sọ pé àwọn ará Ọ̀fà ti gé afárá orí Ọ̀tìn, omi sì kún. Àwọn tí ń sá já lu omi, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú. Nítorí èyí ni ogun náà ṣe ń jẹ́ Jálumi.

Ìlọrin kò gbàgbé ọ̀rọ̀ afárá yìí. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Kárárà, olórí ogun Ìlọrin, dó ti Ọ̀fà pẹ́ títí, ìlú sì fọ́ níkẹyìn. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Ọ̀fà sá lọ sí apá Ìkìrun. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìlọrin ní 1897 ni ọ̀nà ṣí fún wọn láti padà sílé. Nígbà tí ọ̀nà reluwé dé ní nǹkan bí ọdún 1908, ìlú tún gbèrú, ọjà rẹ̀ sì fẹ̀. Kúkúndùkú Ọ̀fà ní orúkọ nínú ọjà yìí.

Mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá ń ka èyí ṣe sùúrù nípa ọ̀rọ̀ ogun. Ohun tí ó jẹ́ ọgbọ́n ogun létí ẹnì kan, ìwà ọ̀dàlẹ̀ ni létí ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ àwọn tí ó gé afárá àti ọmọ àwọn tí omi gbé lọ ń ná ọjà kan náà lónìí. Àlejò kò gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà

Gbólóhùn yìí ni a fi ń mọ ọmọ Ọ̀fà níbi gbogbo. Kì í ṣe Orò tí obìnrin kì í rí ni a ń sọ. Ohun àjogúnbá tí ìlú ń ṣe ni. Ní ọdún Onímọ̀ká, Ọlọ́fà àti Ẹ̀sà, ìjòyè tí ó tẹ̀ lé e, a máa di ara wọn mú bí ẹni tí ń jàkadì lójú gbogbo ènìyàn. Ọba tí a kì í fọwọ́ kàn a gbà kí wọ́n di òun mú, lẹ́yìn náà wọn a jọ máa bá ìlú lọ. Lójú tèmi, ìlú tí ogun ti fọ́ rí, tí ó sì tún padà dìde, ní ìdí tí ó fi di orò yìí mú ṣinṣin.

Ohun tí àlejò ní láti ṣe

Kọ́kọ́ lọ sí ààfin, kí o sì sọ ohun tí o bá wá. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ni ọ̀pọ̀ ará Ọ̀fà lónìí, nítorí náà má ṣe rò pé gbogbo ẹni tí o bá pàdé ni yóò fẹ́ sọ̀rọ̀ òrìṣà. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ọ́, kí i bí ó ti yẹ, kí o sì jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán kí o tó béèrè.

Létí odò, béèrè èèwọ̀ ibẹ̀ kí o tó bu omi, kí o tó mú òkúta, kí o tó ya fọ́tò. Gbogbo odò kọ́ ni ó ní igbó tí a dáàbò bò bí ti Ọ̀ṣun Òṣogbo, tí UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú àkójọ rẹ̀ ní 2005. Níbi tí kò sí ògiri tàbí ère, àgbàlagbà tí ó mọ ibi tí ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ̀ ni ààlà. Bí ó bá kú láìsọ, omi yóò máa ṣàn, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹni tí yóò mọ ibi tí a ti ń wólẹ̀ fún un. Nítorí náà, bí o bá lọ, kọ ohun tí wọ́n bá gbà kí o kọ, kí o sì fún wọn ní ẹ̀dà kan kí o tó máa lọ.