Òpó Mápó Lára Aṣọ Aró

Nígbà tí Hokusai ará Japan ń ya Òkè Fuji ní nǹkan bí ọdún 1830 sí 1832, àwòrán náà kì í ṣe ọjà olówó nìkan. Òun yà á, agbẹ́gi gbẹ́ ẹ sára pákó, atẹ̀wé tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, oníṣòwò sì tà á fún mẹ̀kúnnù. Hiroshige ṣe bẹ́ẹ̀ fún ojúbọ àti afárá ìlú Edo, tó di Tokyo lónìí, láàárín 1856 sí 1858. Àwọn kan á ní kò sí irú rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, pé ère la mọ̀ ọ́n gbẹ́. Èmi ò gbà. Orí bébà ni wọ́n ń wò. Ara aṣọ ni tiwa wà.

Ẹ wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn ní 1929, àwọn òpó rẹ̀ sì bọ́ sára aṣọ. Obìnrin ẹlẹ́kọ á fi ìyẹ́ adìẹ tọ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun: òpó, ṣíbí, òpó, ṣíbí, títí ìlà náà á fi kún. Bí ẹ̀kọ bá gbẹ, ó di ọwọ́ aláró. Á rì í sínú ìkòkò aró, á yọ ọ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, á tún rì í, títí á fi dú. Bí wọ́n bá wá họ ẹ̀kọ náà kúrò, Mápó á yọ. L'Abẹ́òkúta, ọkùnrin ló ń gé páànù, wọ́n á sì fi ẹ̀kọ ra ojú ihò rẹ̀. Páànù kan, aṣọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ọgbọ́n páànù yìí ló gbé Ọba George Karùn-ún àti ayaba rẹ̀ sára àdìrẹ Ọlọ́ba nígbà jùbílì 1935.

Ẹnìkan lè ní òpó àti ṣíbí kì í ṣe àwòrán ìlú, ọnà lásán ni. Àmọ́ nínú ọ̀kan lára àwòrán Hokusai, oníṣẹ́ àgbá ló wà láàárín àgbá ńlá tí kò nídìí, Fuji sì wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó kéré bí èékánná. Ẹni tó mọ ibẹ̀ ló ń dá a mọ̀. Ará Ìbàdàn tó rí òpó wọ̀nyẹn kò nílò òrùlé. Àtakò kejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ: aṣọ funfun náà, láti Manchester ló ti ń wá nígbà náà, gbọ̀ngàn náà sì jẹ́ ti ìjọba amúnisìn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n búlúù tó gbé àwòrán Hokusai yọ, ní Berlin ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀; kò sẹ́ni tó tìtorí ẹ̀ pè é ní iṣẹ́ ará Jámánì. (Ewé ẹ̀lú tí wọ́n fi ń ṣe aró, ní tiẹ̀, ilé ló ti wá.)

Ojúbọ àti gbọ̀ngàn nìkan kọ́ ló sì yẹ kí a yà. Ibùdó 53 ni Hiroshige yà lójú ọ̀nà Tōkaidō ní 1833 sí 1834, pẹ̀lú àwọn aláàárù àti ilé èrò wọn. Bí ibùdó èrò bá tó bẹ́ẹ̀, Sábó ní Ṣàgámù náà tó o, níbi tí Rẹ́mọ ti ń ta obì gbàǹja fún àwọn Hausa: apẹ̀rẹ̀ obì, ewé tí wọ́n fi ń bò ó, ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sókè Ọya. Abẹ́òkúta kò jìnnà sí Ṣàgámù. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń gé páànù, ẹ bá wa gé ti Sábó.