AWỌ ÀTI ÀWỌ̀: ÌTÀN ÌPARA NÍ ÌLÚ JOHANNESBURG

Ọ̀rọ̀ méjì ni èdè Yorùbá fi ń dárúkọ ohun tí ojú ń rí lára ènìyàn. Awọ ni èyí tí ó bo ẹran ara. Àwọ̀ ni bí awọ náà ti rí lójú, yálà ó dúdú tàbí ó pọ́n. Ohùn nìkan ni ó ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, síbẹ̀ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn kò kéré. Awọ ni ìyá ọlọ́mọ ń fi òrí pa nígbà ọyẹ́ kí ó má baà sán. Àwọ̀ kò béèrè irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò ṣàìsàn. Àwọn àgbà tí ó ń yin adúmáadán ni ó ń yin apọ́nbéporẹ́, wọn kò sì fi ọ̀kan ṣe ẹrú èkejì. Ṣùgbọ́n ní ìlú Johannesburg, ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, òwò ńlá kan dìde tí ó da awọ pọ̀ mọ́ àwọ̀, tí ó sì mú kí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ba awọ jẹ́ nítorí àtipa àwọ̀ dà. Ìtàn náà yẹ ní mímọ̀ fún gbogbo ẹni tí ó ń tọ́ ọmọ ènìyàn.

Ìpara kì í ṣe nǹkan àná ní Gúúsù Áfíríkà. Ihò àpáta kan wà ní etí òkun ilẹ̀ náà tí wọ́n ń pè ní Blombos. Ní 2008, àwọn awalẹ̀pìtàn, tí àwọn ará Yunifásítì Witwatersrand ti Johannesburg wà lára wọn, rí ìkarahun ńlá méjì nínú ihò náà, wọ́n sì kéde wọn fún ayé ní 2011. Àwọn ìkarahun náà ti wà nínú ilẹ̀ fún nǹkan bí 100,000 ọdún. Ilẹ̀ pupa tí wọ́n lọ̀ kúnná ni ó wà nínú wọn, pẹ̀lú èédú àti egungun tí wọ́n ti gba mùdùnmúdùn rẹ̀. Òkúta tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ sì wà nítòsí. Àwọn onímọ̀ gbà pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń kun ara tàbí tí wọ́n fi ń dáàbò bo awọ. Kí ẹnikẹ́ni tó dá oko tàbí kó ẹran sí ọgbà, ènìyàn ti mọ bí wọ́n ti ń po ọ̀rá mọ́ amọ̀.

Àwọn ìran tí ó dé lẹ́yìn náà kò jẹ́ kí ìmọ̀ yìí kú. Àwọn Zulu ní amọ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní ibomvu, àwọn Xhosa sì ń pe tiwọn ní imbola; wọ́n ń pò ó mọ́ ọ̀rá, wọ́n sì ń fi í kun ojú àti ara. Àwọn obìnrin Tsonga ń fọ́ èkùrọ́ èso marula, wọ́n ń fún òróró rẹ̀, wọ́n sì ń fi í pa ara. Wọ́n tún ní mafura, ọ̀rá líle tí ó jáde láti inú èso igi mìíràn, èyí tí ó dára fún ara àti irun. Ní Namibia tí kò jìnnà, àwọn obìnrin Himba ṣì ń fi bọ́tà àti ilẹ̀ pupa kun ara àti irun wọn títí di òní. Ẹni tí ó bá mọ osùn tí wọ́n ń fi kun abiyamọ àti ọmọ tuntun nílẹ̀ Yorùbá, tí ó sì mọ àdín tí wọ́n ń fi pa irun kí wọ́n tó di ṣùkú, yóò rí i pé ìmọ̀ kan náà ni. Ọ̀rá ń dí omi ara mọ́ inú awọ kí ó má baà gbẹ. Amọ̀ pupa ń ṣíji bo awọ lọ́wọ́ oòrùn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó bá àwọ̀ jà.

Ní 1886 ni wọ́n rí wúrà ní Witwatersrand, ìlú Johannesburg sì dìde nínú pápá láàrin ọdún díẹ̀. Àwọn ọkùnrin wá láti Lesotho, láti Mozambique, láti ilẹ̀ Zulu àti ilẹ̀ Xhosa láti wá wa wúrà. Àwọn obìnrin wá ṣe iṣẹ́ ilé lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó. Màlúù tí wọn ìbá gba ọ̀rá rẹ̀ wà nílé lọ́hùn-ún, ibi tí wọn ìbá ti wa amọ̀ sì jìnnà. Owó iṣẹ́ ni ó wà lọ́wọ́ wọn, ìsọ̀ sì wà ní ìtòsí. Báyìí ni ìpara inú ìgò àti inú agolo ṣe gba ipò èyí tí wọ́n ń pò nílé. Kò sí ẹ̀bi nínú èyí, nítorí pé ọ̀rá inú agolo lè ṣe iṣẹ́ tí ọ̀rá màlúù ń ṣe. Àmọ́ ìyapa kan ti wà ṣáájú láàrin àwọn Xhosa. Wọ́n ń pe àwọn tí ó ṣì ń kun amọ̀ ní ènìyàn pupa, wọ́n sì ń pe àwọn tí ó ti gba ẹ̀sìn Kristi àti ìwé kíkà ní ènìyàn ilé-ẹ̀kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ wà lára àwọn tí ó sọ amọ̀ di àmì òpè. Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n.

Ohun tí ó lẹ́bi ni èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ní 1948 ẹgbẹ́ òṣèlú National Party gba ìjọba, wọ́n sì gbé ìlànà apartheid kalẹ̀. Ní 1950 wọ́n ṣe òfin pé kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ará ìlú sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀yà tí ìjọba bá pín olúkúlùkù sí. Ibi tí ènìyàn yóò gbé, ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ rẹ̀ yóò lọ, iṣẹ́ tí yóò ṣe, ẹni tí yóò fẹ́, gbogbo rẹ̀ di ti àwọ̀. Bí ẹ̀yà ẹnì kan bá rú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lójú, nígbà mìíràn wọn a ki pẹ́ńsùlù bọ inú irun rẹ̀. Bí pẹ́ńsùlù náà bá jábọ́, wọ́n lè kà á mọ́ òyìnbó. Bí ó bá há síbẹ̀, ó ti bọ́ kúrò nínú wọn. Irun orí ènìyàn wá di ẹlẹ́rìí tí ń jẹ́rìí takò ó.

Nínú irú ayé yìí ni òwò ìpara abóra ti rúwé. Ìwé ìròyìn Drum bẹ̀rẹ̀ ní 1951, ó sì fi Johannesburg ṣe ibùjókòó. Àwọn òǹkọ̀wé dúdú tí ó pegedé ni ó ń kọ sí i, tí wọ́n ń tú àṣírí ìyà tí ìjọba fi ń jẹ ènìyàn. Nínú ìwé kan náà ni ìpolówó ìpara abóra wà. Àwọn ìpolówó wọ̀nyí jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé àwọ̀ pípọ́n ni ọ̀nà iṣẹ́ rere, ìfẹ́ àti ọ̀làjú. Tọkùnrin tobìnrin ni ó rà á. Agolo ìpara kan kò sì lè yí ìwé ìdánimọ̀ ẹnikẹ́ni padà. Owó rẹ̀ ni yóò lọ, ipò tí òfin fi í sí yóò sì dúró bí ó ti wà.

Kí ni ó wà nínú agolo náà? Mákúrì ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀, májèlé tí ń ba kíndìnrín àti iṣan ara jẹ́. Lẹ́yìn náà ni hydroquinone gba ipò rẹ̀. Ọ̀nà tí irú èròjà yìí gbà wọ ọjà yani lẹ́nu. Ní nǹkan bí 1939, ní Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ kan níbi tí wọ́n ti ń ṣe awọ ẹran rí i pé ọwọ́ àwọn ń funfun ní àbùlà-àbùlà. Ìwádìí fi hàn pé èròjà kan tí ó bá hydroquinone tan wà nínú rọ́bà tí wọ́n fi ṣe ìbọ̀wọ́ wọn, òun ni ó sì ń pa àwọ̀ ara wọn. Ohun tí ó jẹ́ jàǹbá fún òṣìṣẹ́ ni àwọn oníṣòwò sọ di ọjà.

Hydroquinone kì í fọ awọ mọ́. Ó ń dí awọ lọ́wọ́ kí ó má lè ṣe melanin, èròjà adú tí ń gba ìtànṣán oòrùn dúró kí ó má baà jó ẹran ara. Ẹni tí ó bá ń pa á ti gba asà lọ́wọ́ awọ rẹ̀. Oòrùn Johannesburg kò sì ṣeé fojú di, nítorí pé ìlú náà ga ju òkun lọ ní ohun tí ó lé ní 1,700 mítà, bí ilẹ̀ bá sì ti ga tó ni ìtànṣán ń le tó. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn mìíràn tí ó ń lo ìpara náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú bí aró, ó yi, ó sì hu kókó wẹ́wẹ́. Ochronosis ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí a rò pé ìpara náà ni kò tó, a sì tún fi kún un. Ibi tí wọ́n fojú sí, ọ̀nà kò gbabẹ̀ lọ: ẹni tí ó ń wá pípọ́n bá dúdú tí kì í ṣe tirẹ̀ pàdé. Ní 1975 ni àwọn dókítà mẹ́ta ní Gúúsù Áfíríkà, Findlay, Morrison àti Simson, kọ ìwé tí ó fi hàn pé hydroquinone inú ìpara abóra ni ó fa àrùn náà.

Ọ̀nà méjì ni ìjà náà gbà. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ti ọkàn. Steve Biko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ SASO kọ́ àwọn ọ̀dọ́ pé òmìnira bẹ̀rẹ̀ láti inú ènìyàn, àti pé ẹni tí ó kórìíra àwọ̀ ara rẹ̀ ti wà nínú ẹ̀wọ̀n kí wọ́n tó dè é. Biko kú sí àtìmọ́lé ní 1977, ọmọ 30 ọdún péré ni. Ọ̀nà kejì ni ti ìmọ̀ ìṣègùn. Àwọn dókítà awọ ń fi ojú tí ó bàjẹ́ han ìjọba, àwọn ẹgbẹ́ ará ìlú sì ń ké pẹ̀lú wọn. Ìjọba kọ́kọ́ fi òfin dín hydroquinone kù sí ìdá 2 nínú 100, ṣùgbọ́n ojú ṣì ń bàjẹ́. Ní 1990 ni wọ́n wá fòfin de èròjà abóra nínú ìpara ẹwà pátápátá, tí wọ́n sì kà á léèwọ̀ kí ìpolówó kankan sọ pé ìpara kan ń sọ awọ di funfun. Gúúsù Áfíríkà ni orílẹ̀-èdè tí ó kọ́kọ́ ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé.

Lára àwọn tí ó là nínú òwò náà ni àwọn ìbejì kan ní Johannesburg, Abraham àti Solomon Krok. Lẹ́yìn tí ìjọba gbogbo ènìyàn dé ní 1994, wọ́n wà lára àwọn tí ó gba àṣẹ láti ṣí ilé tẹ́tẹ́ ńlá ní ìlú náà, pẹ̀lú àdéhùn pé wọn yóò kọ́ ohun tí yóò ṣe ará ìlú láǹfààní. Ohun tí wọ́n kọ́ ni Apartheid Museum, tí wọ́n ṣí ní 2001. Ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀ yóò gba tíkẹ́ẹ̀tì kan tí ó sọ ọ́ di òyìnbó tàbí ẹni tí kì í ṣe òyìnbó, láìwo ojú rẹ̀, ẹnu ọ̀nà tí tíkẹ́ẹ̀tì náà bá sì yàn ni yóò gbà wọlé. Àwọn ará ìlú kan kò ṣàì wí pé owó ìpara abóra wà nínú bíríkì ilé tí ó ń sọ ìtàn ìyà àwọ̀.

Òfin apartheid ti lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ irun kò tíì tán. Ní oṣù August 1996 kọ́, bí kò ṣe ní 2016, lẹ́yìn ọdún 22 tí òmìnira dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú ní Pretoria High School for Girls, ní ìlú tí ó múlé gbe Johannesburg, dìde nítorí pé wọ́n ní kí àwọn tún irun tí Ọlọ́run dá mọ́ àwọn lórí ṣe kí ó lè bá òfin ilé-ẹ̀kọ́ mu. Aláṣẹ ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Gauteng ní kí wọ́n dá apá tí ó jẹ mọ́ irun nínú òfin náà dúró. Pẹ́ńsùlù ti kúrò lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó kù kí ó kúrò nínú ìwé òfin ilé-ẹ̀kọ́.

Lónìí ìpara àbáláyé ti padà sí ìgboro Johannesburg. Ní àdúgbò Yeoville, níbi tí àwọn ará Nàìjíríà àti Kóńgò pọ̀ sí, òrí àti ọṣẹ dúdú wà lọ́jà. Ní ọjà Faraday, èèpo igi, egbò àti amọ̀ kún orí àtẹ. Ohun ayọ̀ ni èyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ó ti inú igbó wá ni ó fẹ́ràn awọ. Èèpo igi kan wà tí wọ́n ń pè ní umemezi, tí àwọn obìnrin ń lọ̀ tí wọ́n sì ń fi í kun ojú. Ọ̀pọ̀ ń lò ó nítorí pé wọ́n fẹ́ pọ́n, bíbó èèpo náà sì ń pa igi rẹ̀ nínú igbó. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ jẹ́ ti ilé ìdáná, síbẹ̀ bí ẹnì kan bá fi í pa ara tí ó sì bọ́ sínú oòrùn, awọ rẹ̀ lè jó kí ó sì lé ròrò. Ìpara abóra tí òfin kọ̀ pàápàá ṣì ń gba ẹ̀yìn wọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àdéhùn Minamata, tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní 2013, ti ní kí mákúrì kúrò nínú ìpara ẹwà.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí olùkọ́ kọ́ ọmọ láti bi olúkúlùkù ìpara, ìbáà ti inú agolo jáde, ìbáà ti inú ìkòkò ìyá àgbà jáde, kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé awọ ni ó wá tọ́jú, tàbí àwọ̀ ni ó wá bá jà? Òrí, àdín, osùn, ibomvu àti òróró marula yóò dáhùn pé awọ ni. Èyí tí ó bá dáhùn pé àwọ̀ ni, ìtàn Johannesburg ti sọ ibi tí í mú ni dé. Àmì ohùn tí ó wà láàrin ọ̀rọ̀ méjèèjì kéré lórí ìwé, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá mọ̀ ọ́n kò ní í tètè ṣìnà.