Ebi Tí Ń Pa Ọpọlọ Ọ̀mùtí

Nígbà tí iyè ẹni tí ó ti ń mutí láti ọjọ́ pípẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ra, àwọn kan nínú wa a máa sọ pé ogbó ni, àwọn mìíràn a ní ayé ni ó ń ṣe é. Ìtàn ìmọ̀ ìṣègùn fi hàn pé ohun mìíràn lè wà níbẹ̀, àti pé ó ṣeé tún ṣe bí a bá tètè mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 1881, oníṣègùn ará Jámánì kan, Carl Wernicke, ṣe àkọsílẹ̀ nípa aláìsàn mẹ́ta. Méjì jẹ́ ọkùnrin ọ̀mùtí. Ẹ̀kẹta jẹ́ obìnrin aránṣọ tí ó gbé oró jẹ, tí oúnjẹ kò sì dúró nínú rẹ̀ mọ́. Ojú wọn kò yí bí ó ti yẹ, wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ọkàn wọn sì dàrú. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó kú. Ní ọdún 1887, Sergei Korsakoff ní Moscow ṣàpèjúwe àwọn ọ̀mùtí tí ọ̀rọ̀ wọn mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n tí wọn kò rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn.

Kí ni ó so ọ̀mùtí mọ́ obìnrin tí kò rí oúnjẹ jẹ? Èsì rẹ̀ pẹ́ kí ó tó dé. Ní àwọn ọdún 1930, Rudolph Peters ní Yunifásítì Oxford fi ẹyẹlé ṣe ìwádìí, ó sì fi hàn pé ọpọlọ kò lè lo ṣúgà inú oúnjẹ bí ó ti yẹ láìsí fítámì B1. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Hugh de Wardener, oníṣègùn ọmọ ogun Britain tí ó wà ní ìgbèkùn ní Singapore, rí àrùn Wernicke yìí lára àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìrẹsì funfun ni olórí oúnjẹ wọn. Kì í ṣe ọtí ni ó kó bá wọn. Fítámì B1 díẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ gba ẹ̀mí àwọn kan là. Ní 1947, òun àti Bernard Lennox tẹ ìròyìn nípa irú aláìsàn 52 jáde.

Ẹ ò rí i pé ebi ni! Ọtí kì í jẹ́ kí ọ̀mùtí jẹun dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ìfun fa fítámì náà sínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí Australia fi pàṣẹ ní 1991 pé kí a máa fi B1 sínú ìyẹ̀fun búrẹ́dì.

Ọtí fúnra rẹ̀ tún ń sọ ọpọlọ di arúgbó. Ní 2022, àwọn olùwádìí tí wọ́n yẹ àwòrán ọpọlọ àwọn ènìyàn tí ó lé ní 36,000 wò ní Britain rí i pé bí ọtí ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ ń kéré sí i. Láàárín àwọn ẹni 50 ọdún, ìyàtọ̀ ọpọlọ ẹni tí ń mu nǹkan bí ìdajì páìnì bíà lójúmọ́ sí ti ẹni tí ń mu odindi páìnì tó ogbó ọdún méjì.

Nítorí náà, bí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín tí ń mutí bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ láìmutí, tí ọkàn rẹ̀ sì dàrú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ má fi àdúrà rọ́pò dókítà. Ẹ má sì torí ìtìjú fi iye ọtí tí ó ń mu pamọ́. Ẹ má já ọtí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì láìsí dókítà, nítorí gìrì lè gbé e, ó sì lè kú. Abẹ́rẹ́ B1 tí ó tètè dé lè gba ọpọlọ là. Èyí tí ó pẹ́ lè má dá iyè náà padà mọ́. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.